Ọjọ́ mẹ́ta ní Iléṣà, Ìkejì-Aràkejì àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè: ìrìn-àjò tí mo san ₦48,000 fún

Kí n tó sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì, yàrá àti oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ agogo kan, torí òun ló gbé mi dé ibẹ̀.

Ìyá mi kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni wọ́n. Wọn kò fi ilé sílẹ̀, wọn kò fi ilẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ní tó wu àwa ọmọ ni agogo ọwọ́ tí wọ́n fi ń jí wa fún àdúrà ní aago márùn-ún ìdájí láti kékeré wa. Idẹ ni. Irin inú rẹ̀ ti já nígbà kan, bàbá mi sì so ìṣó ńlá kan rọ́pò rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í dún bí agogo yòókù. Ohùn rẹ̀ máa ń ha díẹ̀, bí ẹni tí òtútù mú lọ́fun. Èmi ni àkọ́bí, mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé tèmi ni. Nígbà tí a sìnkú tán tí mo wọ yàrá ìyá mi, n kò bá agogo lórí tábìlì mọ́. Àbúrò mi obìnrin ti gbé e lọ sí Èkó.

Mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ sí i, lójú àwọn àna rẹ̀. Òun náà fèsì. Láti ọjọ́ náà, ọdún mẹ́fà gbáko ni a fi ń kí ara wa bí ìgbà tí èrò méjì bá pàdé nínú ọkọ̀.

Ní ìparí ọdún 2024, ọmọ àbúrò mi tó ń múra ìgbéyàwó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Gbági. Ó kúnlẹ̀, ó ní òun ti bẹ ìyá òun, òun wá bẹ èmi náà: tọkọtaya kan wà ní Ìbàdàn níbí tí wọ́n máa ń kó èrò lọ sí ibi tí Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ajíhìnrere ìjọ Christ Apostolic Church (CAC), ti ṣiṣẹ́, ọjọ́ mẹ́ta ni, wọ́n sì máa ń gba àwọn tí ìjà wà láàárín wọn. Ó ní òun kò ní gé aṣọ ẹbí fún ẹnikẹ́ni nínú wa títí a ó fi lọ. Mo kọ́kọ́ bínú. Lẹ́yìn náà mo ronú pé ọmọ yìí kò pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí a jà, àwa la kọ́ ọ pé bí arábìnrin méjì ṣe ń gbé nìyẹn. Mo san owó náà lọ́jọ́ kejì.

N kò ní dárúkọ tọkọtaya yìí. Àwọn àléébù tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀, mo ti bá wọn sọ ọ́ ní ojúkojú, mo sì gbà pé ó tó bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni àwọn méjèèjì. Bàbá ló ń ṣàlàyé ìtàn, Ìyá ló ń gbọ́ ẹjọ́. Èrò mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ń kó lẹ́ẹ̀kan, ìgbà mẹ́ta lọ́dún. Èyí tí a lọ bọ́ sí oṣù Kejì ọdún 2025, láti Ọjọ́bọ̀ sí Àbámẹ́ta. Nínú ₦48,000 yẹn ni ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ wà, ibùsùn òru méjì, àti oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, torí pé àwẹ̀ ni wọ́n ń gbà títí di aago mẹ́ta ọ̀sán.

Wọ́n ní kí a pé sí Ìwó Road ní aago mẹ́fà àárọ̀. Mo débẹ̀ ní mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ti kọjá kí bọ́ọ̀sì tó gbéra, wọ́n ní dẹ́rẹ́bà ń wá epo. Àléébù kìn-ín-ní nìyẹn, kò sì kéré: àgbàlagbà mẹ́ta wà nínú wa tí wọ́n jókòó sórí àpò ẹrù wọn fún wákàtí méjì àtààbọ̀. Èmi jókòó sẹ́yìn dẹ́rẹ́bà, àbúrò mi lọ jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn pátápátá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe kọjá Àṣẹ̀jíré, Ìkirè, Gbọ̀ngán, Ifẹ̀. Nígbà tí àwọn yòókù ń kọrin, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn, ohùn kejì ló ń kọ, bí ìyá wa ṣe kọ́ wa. Ohùn kìn-ín-ní ni èmi máa ń kọ. Mo pa ẹnu mi dé.

Òkè-Oòyè ní Iléṣà ni a kọ́kọ́ dé. Mo fẹ́ yin Bàbá níbí. Mo ti tẹ̀lé àwọn amọ̀nà ìsìn kan rí tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń sọ ìtàn iṣẹ́ ìyanu, bí ẹni ń fi omi kún ọbẹ̀ ni. Bàbá yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á ní, “Èyí wà nínú àkọsílẹ̀ ìjọ,” tàbí, “Èyí, ẹnu ni mo ti gbọ́ ọ.” Ó sọ fún wa pé ní oṣù Keje ọdún 1930, àwọn aṣáájú ìjọ Faith Tabernacle, níbi tí CAC ti ṣẹ̀ wá, pé jọ sí Iléṣà. Ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ohun tí wọ́n wá ṣe: wọ́n wá yanjú èdèkòyédè tó wà láàárín wọn lórí ẹ̀kọ́ ìjọ ni. Ìpàdé ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé ara wọn ni. Inú ìpàdé náà ni wọ́n wà nígbà tí, gẹ́gẹ́ bí ìjọ ti ń jẹ́rìí, wọ́n gbé ọmọ kan tó ti kú wá, tí Babalọlá gbàdúrà, tí ọmọ náà sì jí. Láti ìgbà náà ni èrò ti ń ya bo Òkè-Oòyè, wọ́n ń kó oògùn àti ère wá jó, láti ọ̀nà jíjìn. Bàbá tún fi kún un pé ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìgbà náà ni Isaac Akínyẹlé ti Ìbàdàn, tó wá jẹ Olúbàdàn ní ọdún 1955. Àwa ará Ìbàdàn inú bọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí ju bí Bàbá ṣe mọ̀ lọ. Ìyá ìyá mi wà lára èrò tó rìn lọ sí Òkè-Oòyè lọ́dún náà. Abúlé kan lẹ́bàá Ìbòkun ni wọ́n ti wá. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n ti bí tí kò dúró. Wọ́n máa ń sọ fún ìyá mi pé ẹsẹ̀ lásán ni àwọn fi rìn, àwọn gbé ìgbá kan dání tí àwọn kò gbé padà wálé. Ní ọdún 1934 ni wọ́n bí ìyá mi. Mo wẹ̀yìn wo àbúrò mi níbi tí Bàbá ti ń sọ̀rọ̀, mo rí i pé èmi ló ń wò. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láàárín ọdún mẹ́fà tí ojú wa ṣe mẹ́rin tí kò sí ẹni tó kọ́kọ́ gbójú kúrò.

Ibi tí a sùn sí wà nítòsí Ìkejì-Aràkejì, ilé àlejò kan ni, kì í ṣe ti ìjọ. Ènìyàn mẹ́rin ni wọ́n fi sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Fóòmù ibẹ̀ ti tẹ́, egungun ìbàdí mi ń kan pákó. Omi ẹ̀rọ kò yọ, korobá ni wọ́n fi ń pọn omi fún wa láti inú kànga, korobá méjì fún ènìyàn mẹ́rin. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, kò mọ́ mọ́ ní àárọ̀ Àbámẹ́ta. Mo sọ èyí fún Ìyá, wọ́n ní àwọn yóò wá ibòmíràn. Oúnjẹ ni kò ní àléébù rárá: iyán pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rírò ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ìrẹsì àti dòdò ní ọjọ́ kejì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun àti ẹ̀pà nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń bọ̀ wálé.

Ìṣọ́ òru Ọjọ́bọ̀ ni n kò gbádùn. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni ó bẹ̀rẹ̀, ó di aago mẹ́rin. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn méjì nínú gbọ̀ngàn tí kò tóbi ju yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ, fún ènìyàn mẹ́rìndínlógún! Mo fẹ́ràn àdúrà. Ilé àdúrà ni wọ́n bí mi sí. Ṣùgbọ́n ní òru yẹn, a pariwo “Olúwa, tún mi ṣe” títí ohùn fi há, mo sì mọ̀ nínú ọkàn mi pé mo ń lo ariwo yẹn láti fi sá fún ẹni tó wà ní ìgbọ̀nwọ́ mẹ́ta sí mi. Ó rọrùn láti ké sí Ọlọ́run fún wákàtí mẹ́fà ju láti bi àbúrò ẹni léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ gba ìmọ̀ràn mi, kí wọ́n fi ìṣọ́ òru mọ sí aago méjìlá, kí àwọn èèyàn lè ní okun fún ọjọ́ kejì, torí ọjọ́ kejì yẹn ni ẹ̀mí ìrìn-àjò yìí wà.

Ọjọ́ Ẹtì ni a lọ sí ibi tí wọ́n ní Ọlọ́run ti pe Babalọlá. Ìkejì-Aràkejì wà ní ojú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ibẹ̀ náà ni yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ Babalọlá pè wà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 1928, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni Babalọlá, ará Odò-Ọwà ni, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, òun ló ń wa ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ ojú ọ̀nà náà. Ẹ̀rọ náà kú lójijì. Ó tún un ṣe títí, kò ṣiṣẹ́. Níbẹ̀ ló ti sọ pé òun gbọ́ ohùn tó pe orúkọ òun lẹ́ẹ̀mẹta, tó ní kí òun fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó fi í sílẹ̀. Ó padà sí ìlú rẹ̀ pẹ̀lú eérú lára àti agogo lọ́wọ́, ó ń wàásù, àwọn ará ìlú rẹ̀ sì rò pé orí rẹ̀ ti dàrú.

Nígbà tí Bàbá dárúkọ agogo, mo gbọ́ tí ẹnìkan mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo mọ ẹni tí ó jẹ́.

Lẹ́yìn ìtàn, Bàbá kò gbàdúrà gígùn. Ó ní kí kálukú mú ẹni tó bá wá, kí wọ́n wá abẹ́ igi kan, kí wọ́n jókòó fún wákàtí méjì. A kò gbọ́dọ̀ tan fóònù. A kò gbọ́dọ̀ gbàdúrà sókè. Bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kí a sọ ọ́, bí a kò bá fẹ́, kí a dákẹ́. Àwa dákẹ́. Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ díẹ̀, ewé gbígbẹ ń já sí wa lórí. Lẹ́yìn bí wákàtí kan, àbúrò mi mú ewé kan kúrò lórí gèlè mi, ó fi í sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò sọ nǹkan kan. Èmi náà kò sọ.

Aago kan ọ̀sán ni ó kàn wá lọ́dọ̀ Ìyá. Apá yìí ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń ronú láti lọ kà dáadáa, nítorí òun ni ohun tí ẹ ń sanwó fún. Ìyá jókòó lórí ẹní, wọ́n ní kí àwa náà jókòó sílẹ̀. Wọn kò bi wá pé ta ló jẹ̀bi. Wọ́n ní, “Ìwọ ẹ̀gbọ́n, ro ẹjọ́ àbúrò rẹ fún mi. Sọ ọ́ bí ẹni pé ìwọ ni òun. Ìwọ àbúrò, ìwọ yóò ro ti ẹ̀gbọ́n rẹ.” Àbúrò mi kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Èmi ni àkọ́bí. Èmi ni mo sanwó ilé ìwé àbúrò mi láti owó aṣọ títà. Màámi máa ń sọ pé èmi ni màá máa jí ilé lẹ́yìn àwọn. Mo dé yàrá, mo bá tábìlì lófìfo, ó dà bí ẹni pé wọ́n tún sin Màámi lẹ́ẹ̀kejì láìpè mí.” Ẹ̀yin ará, n kò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún un rí. Ó ti mọ̀ ọ́n. Láti ọdún mẹ́fà ló ti mọ̀ ọ́n.

Ó wá kan èmi láti ro tirẹ̀, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ. N kò mọ ìdí tó fi gbé agogo. N kò béèrè rí. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo ẹní. Ìyá kò bá mi wí. Wọ́n kàn ní, “Ó dáa, bi í.” Mo bi í.

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá wa, àbúrò mi fi Èkó sílẹ̀, ó wá gbé lọ́dọ̀ wọn ní Ìbàdàn fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Èmi máa ń dé lálẹ́ tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, màá gbé ọbẹ̀ wá, màá jókòó díẹ̀, màá lọ. Ohùn ìyá wa ti lọ nígbà náà, ọwọ́ ọ̀tún wọn kò ṣiṣẹ́. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé lóru, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń gbọn agogo yẹn bí wọ́n bá fẹ́ omi, tàbí bí ẹ̀rù bá bà wọ́n. Àbúrò mi á jí, á dì wọ́n mú. Ó ní, “Àǹtí, ẹ̀yin gbọ́ ohùn Màámi kẹ́yìn kí wọ́n tó ṣàìsàn. Èmi, agogo yẹn ni ohùn wọn tí mo gbọ́ kẹ́yìn. N kò lè fi sílẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n ti kú.”

Mo fẹ́ sọ pé “má bínú.” Ìyá gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n ní níbí, a kì í sọ má bínú kí a tó sọ ohun tí a ṣe. Kí n sọ ohun tí mo ṣe, bí ó ṣe rí gan-an, kí n má ṣe dín in kù. Mo ní, “Mo pè ọ́ ní olè. Lójú ìyá ọkọ rẹ. Lọ́jọ́ kẹta tí a sin ìyá wa.” Ọ̀rọ̀ yìí kò gùn, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gbàdúrà ìdáríjì lórí “ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ láàárín wa,” tí n kò dárúkọ olè yẹn fún Ọlọ́run pàápàá. Àbúrò mi náà sọ tirẹ̀: ó rán ọmọ rẹ̀ létí pé kí ó má ṣe kí mi ní ọjọ́ ìbí mi, fún ọdún mẹ́ta. N kò mọ̀. Mo ti rò pé ọmọ náà ló gbàgbé.

Ìyá kò pariwo lé wa lórí. Wọ́n gbé ọwọ́ kan lé mi léjìká, ọ̀kan lé e, wọ́n gbàdúrà tí kò gùn rárá, wọ́n ní kí a máa lọ. Nígbà tí a dìde, ẹsẹ̀ mi ti kú, àbúrò mi fà mí sókè. Mo pe oríkì rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Àdùkẹ́. Ẹni tó máa ń pè é bẹ́ẹ̀ ti kú, èmi nìkan ló kù láyé tó mọ bí Màámi ṣe máa ń fà á gùn. Ó sunkún bí ọmọdé.

Mo ti lọ sí ọ̀pọ̀ ìsọjí láyé mi, mo ti ṣubú lábẹ́ ọwọ́ wòlíì rí, mo sì ti padà sílé láì tíì bá ẹni tí mo bínú sí sọ̀rọ̀. Ní tèmi, ohun tí Ìyá ń ṣe lórí ẹní yẹn ni ìmúbọ̀sípò. Ìṣẹ́jú márùnlélógójì ni wọ́n fún ẹni méjì méjì. Kí wọ́n sọ ọ́ di wákàtí méjì, kí wọ́n yọ ọ́ nínú ti ìṣọ́ òru.

Mo ní láti sọ èyí tó dùn mí jù. Ọ̀dọ́bìnrin kan wà nínú wa tó dá nìkan wá. Ní ìpàdé alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó jẹ́wọ́ pé òun ti kó kúrò nílé ọkọ òun nítorí ìlù. Kì í ṣe Ìyá ló dá a lóhùn. Ajíhìnrere àlejò kan ni wọ́n pè wá, òun ló gbàdúrà pé kí Ọlọ́run dá a padà sílé ọkọ rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, gbogbo wa sì ń ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín kí ara mi tó ta. Ìjà agogo ni tèmi, kò sí ẹni tó na ẹnikẹ́ni. Ẹni tí wọ́n ń lù kò sí ní ipò kan náà pẹ̀lú mi, ẹ̀kọ́ tó bá mi mu kò lè bá a mu bí ẹni tó ń lù ú kò bá tíì jókòó lórí ẹní kí ó sọ ohun tó ṣe, kí ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mo lọ bá Ìyá lẹ́yìn ìpàdé. Wọ́n gbọ́ mi, wọ́n pe ọ̀dọ́bìnrin náà sí kọ̀rọ̀, wọ́n bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi pẹ́, ó sì sọ fún mi lọ́jọ́ kejì pé ilé ìyá òun ni òun ń lọ. Inú mi dùn sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n iwájú gbogbo èèyàn ni wọ́n ti gba àdúrà yẹn, iwájú gbogbo èèyàn ni ó yẹ kí wọ́n ti yí i padà, wọn kò sì ṣe é. Bí ẹ bá jẹ́ obìnrin tó wà nínú irú ewu bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sọ́dọ̀ Ìyá nìkan, ẹ má sọ ọ́ ní gbangba níbẹ̀.

Lórí oògùn: mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìjọ tí wọ́n bí mi sí kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ ìwòsàn láìlo oògùn, àwọn àgbà ìjọ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oògùn ibà tí àwọn òyìnbó ajíhìnrere ń lò wà lára ohun tó fa ìyapa láàárín ìjọ àti àwọn òyìnbó náà ní ìparí àwọn ọdún 1930, kí orúkọ Christ Apostolic Church tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1943. Nítorí náà ẹ̀rù bà mí pé wọn yóò fojú burúkú wo ìdì oògùn mi. Rárá. Nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún wa, àyè wà láti kọ àìsàn àti oògùn sí, Ìyá fúnra wọn sì gbé omi àti búrẹ́dì wá fún èmi àti bàbá kan tó ní ìtọ̀ ṣúgà ní aago méje àárọ̀, wọ́n ní àwẹ̀ wa ti gbà. Mo gbóríyìn fún wọn púpọ̀ lórí èyí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, a padà sí Ìwárajà, a yà sí ọ̀nà Èkìtì. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè wà láàárín òkè, atẹ́gùn ibẹ̀ tutù ju ti Ìbàdàn lọ, ẹ mú súwẹ́tà dání. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Babalọlá sí. Ẹdẹ ló kú sí ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 1959, ọmọ ọdún márùnléláàádọ́ta péré. Mo kọ́ nínú ọkọ̀ pé ó ti ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà rí ní Benin ní ọdún 1932. Wákàtí kan péré ni a lò níbẹ̀ nítorí pé dẹ́rẹ́bà fẹ́ kí a tètè dé Ìbàdàn kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sì dùn mí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dín ohun mìíràn kù, kí wọ́n fi kún ti Ẹ̀fọ̀n.

Níbẹ̀ ni àbúrò mi ti ṣí báàgì rẹ̀. Ó yọ aṣọ àdìrẹ kan tí ó ká, ó tú u. Agogo. Ó ti gbé e bọ̀ láti Èkó, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kò tiẹ̀ mọ̀ bóyá òun yóò yọ ọ́. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi. Mo gbà á, mo gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ìṣó bàbá wa há bí ó ti máa ń há. Àwọn èrò bọ́ọ̀sì wẹ̀yìn wò wá. Mo dá a padà fún un. Ó kọ̀. Mo ní kí a jọ máa gbé e ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, kí tirẹ̀ kọ́kọ́ parí ní oṣù Kẹjọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé Ìbàdàn, ìlà ẹ̀yìn pátápátá ni àwa méjèèjì jókòó sí. Mo kọ ohùn kìn-ín-ní.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ: ẹ mú ẹní tiyín dání láti tẹ́ sórí fóòmù, korobá kékeré, tọ́ọ̀ṣì, súwẹ́tà, àti oògùn yín. Ẹ pe àwọn tó ń ṣètò ní alẹ́ tó ṣáájú láti béèrè aago tí bọ́ọ̀sì yóò gbéra gan-an. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ lọ pẹ̀lú ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn, torí ẹni tó bá dá lọ kò ní rí ẹni tí yóò ro ẹjọ́ rẹ̀ fún un. Mo fún ọkọ̀ àti ibùsùn ní méjì nínú márùn-ún, oúnjẹ ní márùn-ún, Bàbá ní mẹ́rin. Ti Ìyá, n kò mọ bí a ṣe ń fi nọ́ńbà sí i.